Ọjọ́ Kìíní Oṣù Kẹwàá: Kí Là Ń Ṣàjọyọ̀ Gan-an?

Bí ilẹ̀ ọjọ́ kìíní oṣù Ọ̀wàrà bá ti ń mọ́ báyìí, iṣẹ́ á ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé lórí WhatsApp. Ẹnì kan á fi àsíá aláwọ̀ ewé àti funfun ránṣẹ́, á kí wa kú ọdún òmìnira. Èkejì, ọmọ Èkìtì, á ní ọjọ́ ìbí ìpínlẹ̀ àwọn ni, ká bá àwọn yọ̀. Ẹ̀gbọ́n tó ń ṣòwò ní Guangzhou á ní ká má retí ẹrù lọ́sẹ̀ yìí, ilé iṣẹ́ Ṣáínà ti wọ ọlidé. Bùrọ̀dá tó wà ní Maryland á ní ọdún ìnáwó ìjọba Amẹ́ríkà ló bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ẹlòmíràn á gbé àwòrán ìyá arúgbó síta, á ní ọjọ́ àwọn àgbàlagbà lágbàáyé ni. Ọmọ ilé ìwé tí tíṣà ní kó kọ àròkọ lé ọjọ́ náà lórí á wá béèrè pé: "Dádì, 1960 ni àbí 1963? Azikiwe ló gba òmìnira ni àbí Balewa?"

Gbogbo àwọn tó fi iṣẹ́ ránṣẹ́ yẹn ló sọ òótọ́. Ohun tó ń dà wá lọ́kàn rú ni pé a máa ń ṣe bí ẹni pé ọjọ́ kan kò lè ní ju ìtàn kan lọ, a sì máa ń fi ọ̀kan bo òmíràn mọ́lẹ̀. Ọjọ́ kì í yan ara rẹ̀. Ènìyàn ló ń yàn án: ìgbìmọ̀ kan jókòó, ìjọba kan bu ọwọ́ lùwé, ìjọ kan fi sínú kàlẹ́ńdà rẹ̀. Tí a bá ti mọ ẹni tó yan ọjọ́, ọdún tó yàn án àti ohun tó tìtorí rẹ̀ yàn án, ọ̀rọ̀ ti yanjú. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ilé.

Ọ̀nà tó gbé wa dé 1960

Òmìnira Nàìjíríà kò ṣàdédé já lu wá lóru ọjọ́ kan. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹta ọdún 1953, Anthony Enahoro, ọmọ ẹgbẹ́ Action Group, dìde nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin l'Ékòó, ó ní kí Nàìjíríà máa ṣe ìjọba ara rẹ̀ ní 1956. Àwọn aṣòfin Àríwá kò fara mọ́ ọn, ọ̀rọ̀ náà sì ràn dé ìgboro Kánò, níbi tí ìjà ti bẹ́ sílẹ̀ nínú oṣù karùn-ún ọdún yẹn. Nígbà tó di 1957, S. L. Akíntọ́lá gbé àbá tirẹ̀ kalẹ̀ pé kó jẹ́ 1959, ìyẹn sì ni gbogbo ilé fọwọ́ sí. Lọ́dún yẹn kan náà, ní ọjọ́ 8 oṣù kẹjọ, Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn àti Ẹkùn Ìlà-Oòrùn gba àṣẹ láti máa darí ọ̀rọ̀ abẹ́lé wọn fúnra wọn. Àríwá gba tirẹ̀ ní ọjọ́ 15 oṣù kẹta ọdún 1959.

Àpérò lórí ìwé òfin tí wọ́n ṣe ní London ní 1958 ni wọ́n ti dárúkọ ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní tí ilé aṣòfin tuntun tí ará ìlú máa dìbò yàn bá béèrè òmìnira níbẹ̀rẹ̀ 1960, ọjọ́ yẹn ni àwọn máa fún wọn. Ilé aṣòfin béèrè nínú oṣù kìíní 1960, àwọn aṣòfin London ṣe òfin rẹ̀, Ọbabìnrin Elizabeth sì fọwọ́ sí i ní ọjọ́ 29 oṣù keje. Nígbà tí oṣù kẹwàá fi máa dé, kò sí àríyànjiyàn kankan mọ́ nílẹ̀. Ayẹyẹ ló kù.

Ayẹyẹ náà sì ni àwọn tó ṣojú wọn ò gbàgbé. Alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ ni, 30 oṣù kẹsàn-án. Èrò kún Race Course l'Ékòó, pápá eré ẹṣin tí à ń pè ní Tafawa Balewa Square lónìí. Nígbà tí aago méjìlá òru ń lọ lù, wọ́n pa iná. Inú òkùnkùn ni wọ́n ti sọ àsíá Gẹ̀ẹ́sì kalẹ̀. Nígbà tí iná fi padà tàn, tiwa ló wà lókè. Ọmọ Yorùbá ló ya àsíá yẹn, Táíwò Akínkúnmi, tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní London nígbà tó fi iṣẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́ sí ìdíje tí ìjọba ṣe. Àwòrán tó yà níbẹ̀rẹ̀ ní oòrùn pupa tó ń ràn láàárín funfun, ṣùgbọ́n àwọn adájọ́ ìdíje yọ oòrùn náà kúrò, wọ́n fi ewé, funfun, ewé sílẹ̀. Oṣù kẹjọ ọdún 2023 ló kú.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Princess Alexandra, ìbátan Ọbabìnrin Elizabeth tó ṣojú fún un, gbé ìwé òfin òmìnira lé Abubakar Tafawa Balewa lọ́wọ́. Ìdáhùn ìbéèrè ọmọ wa nìyẹn: Balewa, olóòtú ìjọba, ló nawọ́ gbà á. Nnamdi Azikiwe kì í ṣe ààrẹ nígbà yẹn, kò tilẹ̀ tíì di gómìnà àgbà. Sir James Robertson, òyìnbó, ṣì ni gómìnà àgbà Nàìjíríà lọ́jọ́ òmìnira, ó sì wà lórí oyè títí di ọjọ́ 16 oṣù kọkànlá kí Azikiwe tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Mo mọ̀ pé ó máa ya ọ̀pọ̀ lẹ́nu. Ó ya èmi náà lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, nítorí àwòrán Zik pẹ̀lú fìlà rẹ̀ ni wọ́n máa ń tẹ̀ sára kàlẹ́ńdà òmìnira.

1963: èyí tí a máa ń gbàgbé

Nàìjíríà ti ń ṣe ìjọba ara rẹ̀ láti 1960, ṣùgbọ́n okùn méjì ṣì so ó mọ́ London. Èkíní, Ọbabìnrin Elizabeth ṣì ni olórí orílẹ̀-èdè, gómìnà àgbà kàn ń ṣojú fún un ni. Èkejì, ẹni tí ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ nílé dá lẹ́bi ṣì lè gbé ẹjọ́ rẹ̀ kọjá òkun lọ síwájú ìgbìmọ̀ tí wọ́n ń pè ní Privy Council.

Ẹ wo bí okùn kejì yẹn ṣe ṣiṣẹ́ nílẹ̀ Yorùbá. Ní oṣù karùn-ún 1962, nígbà tí Action Group ti pín sí méjì, àwọn aṣòfin tó pọ̀ jù nílé aṣòfin Ìbàdàn fọwọ́ sí lẹ́tà pé àwọn kò gba ti Akíntọ́lá mọ́. Ọba Adésọjí Adérẹ̀mí, Ọọ̀ni Ifẹ̀, tó jẹ́ gómìnà Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn, tìtorí lẹ́tà yẹn yọ Akíntọ́lá nípò olórí ìjọba ẹkùn, ó sì fi Dáúdà Adégbénró sí i. Akíntọ́lá gba ilé ẹjọ́ lọ, ó ní inú ilé aṣòfin ni wọ́n ti ń dìbò, kì í ṣe inú lẹ́tà. Ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ l'Ékòó dá a láre. Adégbénró gbé e lọ sí London, àwọn adájọ́ Privy Council sì yí ìdájọ́ náà padà nínú oṣù karùn-ún 1963: wọ́n ní gómìnà lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣe ohun tó ṣe. Àmọ́ Akíntọ́lá ti padà sórí àga nígbà náà. Ilé aṣòfin ẹkùn yára tún ìwé òfin ṣe, wọ́n sì ní kí àtúnṣe náà mú ohun tó ti ṣẹlẹ̀ sẹ́yìn, débi pé ìdájọ́ London kò rí ibi dúró. Adájọ́ ìlú òkèèrè ń sọ ẹni tó máa jókòó ní Ìbàdàn, ilé ń tún òfin ṣe kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ má bàa ṣẹ: èmi ò rò pé orílẹ̀-èdè kankan lè máa bá irú ìyẹn lọ pẹ́ títí.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1963, ìwé òfin tuntun já okùn méjèèjì. Nàìjíríà di rìpọ́blíìkì, Azikiwe di ààrẹ, ẹjọ́ kò sì gba London mọ́. Ọjọ́ tí ìwé òfin yẹn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ bọ́ sórí ọjọ́ òmìnira, ìdí sì nìyẹn tí ìtàn méjèèjì fi wọnú ara wọn. Gánà kò ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n gba òmìnira ní ọjọ́ 6 oṣù kẹta 1957, wọ́n di rìpọ́blíìkì ní ọjọ́ kìíní oṣù keje 1960, ọmọ Gánà kò sì ní ìṣòro láti mọ ìyàtọ̀ nítorí ọjọ́ méjèèjì jìnnà síra.

Ẹ má jẹ́ kí orúkọ ààrẹ tàn yín jẹ o. Ààrẹ ti 1963 kò ní agbára tí ààrẹ ní lónìí. Ọwọ́ Balewa, olóòtú ìjọba, ni agbára ṣì wà. Ààrẹ tí ará ìlú dìbò yàn, tí òun fúnra rẹ̀ ń darí ìjọba, 1979 la kọ́kọ́ ní irú rẹ̀, ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá náà ló sì tún bọ́ sí. Lọ́jọ́ yẹn ni Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ gbé ìjọba fún Shehu Shagari. Ọjọ́ 26 oṣù kẹsàn-án, ọjọ́ díẹ̀ péré kí wọ́n tó búra fún un, ni ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ẹjọ́ tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ pè, ẹjọ́ tó dá lórí bí a ṣe ń ṣírò ìdá méjì nínú mẹ́ta ìpínlẹ̀ mọ́kàndínlógún. Àwọn àgbà tó dìbò lọ́dún náà ṣì ń pè é ní ẹjọ́ "twelve two-third", inú ọ̀pọ̀ wọn kò sì tíì rọ̀ sí i. Àwọn ológun lé Shagari lọ ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá 1983.

Ìjọba alágbádá tó wà títí di òní kò bá ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá tan rárá. Ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún 1999 ló bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ yẹn sì ni a ń ṣe ní Ọjọ́ Ìjọba Tiwantiwa tẹ́lẹ̀. Ní 2018, Ààrẹ Muhammadu Buhari kéde pé kí wọ́n gbé e lọ sí ọjọ́ 12 oṣù kẹfà, ní ìrántí ìdìbò 1993 tí M. K. O. Abíọ́lá díje nínú rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá wá kí yín kú ọdún ìjọba tiwantiwa nínú oṣù Ọ̀wàrà, ó ti ki ọdún méjì bọ inú ara wọn.

Èkìtì, àti àwọn tó bá wa lọ tí wọn kò padà

Ọjọ́ òmìnira ni Ọ̀gágun Sani Abacha yàn ní 1996 láti kéde ìpínlẹ̀ mẹ́fà tuntun: Èkìtì, Bayelsa, Ebonyi, Gombe, Nasarawa àti Zamfara. Ara Ìpínlẹ̀ Oǹdó ni wọ́n ti yọ Èkìtì, Adó sì di olú ìlú rẹ̀. Àwọn ìpínlẹ̀ mẹ́fà yẹn ló sọ gbogbo ìpínlẹ̀ Nàìjíríà di mẹ́rìndínlógójì, lọ́jọ́ tí òmìnira pé ọdún mẹ́rìndínlógójì géérégé. Nítorí náà, ọmọ Èkìtì tó ń jó lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ yẹn kò ṣe àṣejù.

Èyí tí a kì í sábà sọ ni ti Gúúsù Kamẹrúùnù. Lẹ́yìn tí Jámánì pàdánù ilẹ̀ Kamẹrúùnù nínú ogun àgbáyé àkọ́kọ́, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì pín in. Apá tó kan Gẹ̀ẹ́sì, ara Nàìjíríà ló fi ń ṣàkóso rẹ̀. Àwọn aṣojú láti Buea àti Bamenda jókòó nílé aṣòfin wa nígbà kan rí. Nígbà tí òmìnira dé ní 1960, wọ́n yọ apá yẹn kúrò lára Nàìjíríà, wọ́n ní kí àwọn ará ibẹ̀ fúnra wọn dìbò sọ ibi tí wọ́n fẹ́ lọ. Ìdìbò náà wáyé nínú oṣù kejì 1961. Apá Àríwá ní Nàìjíríà làwọn fẹ́, wọ́n sì wọlé ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà. Apá Gúúsù ní Kamẹrúùnù làwọn ń bá lọ, wọ́n sì dara pọ̀ mọ́ ọn ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá 1961, ọjọ́ tí àwa ń ṣe ọdún òmìnira àkọ́kọ́.

Ìjọba Kamẹrúùnù kò sọ ọjọ́ yẹn di ọlidé. Ọjọ́ 20 oṣù karùn-ún ni ọjọ́ orílẹ̀-èdè tiwọn, ní ìrántí ìdìbò 1972 tó fòpin sí ìjọba àpapọ̀ ibẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì níbẹ̀ kò gbàgbé. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 2017 ni àwọn tó fẹ́ yapa kéde orílẹ̀-èdè tí wọ́n pè ní Ambazonia, ìjà náà sì ti lé ọ̀pọ̀ ènìyàn wọ Cross River gẹ́gẹ́ bí ogúnléndé. Bí a bá ń jó lójú pópó l'Ékòó, ó yẹ ká mọ̀ pé ọjọ́ kan náà ń dun àwọn aládùúgbò wa lọ́kàn.

Àwọn Yorùbá tí ààlà gbé sí Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́ àti Ìfàńyìn ńkọ́? 1960 kan náà ni tiwọn, ṣùgbọ́n ọwọ́ Faransé ni wọ́n ti gba òmìnira, ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ni ti Bẹ̀nẹ̀. Tógò ti gba tirẹ̀ láti ọjọ́ 27 oṣù kẹrin. Orílẹ̀-èdè mẹ́tàdínlógún ló gba òmìnira ní Áfíríkà lọ́dún yẹn.

Ọjọ́ kan náà níbòmíràn

Ní Ṣáínà, ọ̀sán ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá 1949 ni Mao Zedong dúró lókè ẹnu ọ̀nà Tiananmen ní Beijing, ó kéde ìjọba tuntun. Láti 1999 ni wọ́n ti ń so ọlidé náà pọ̀ di bí ọ̀sẹ̀ kan. Ìdí nìyẹn tí àwọn oníṣòwò wa ní Ìdúmọ̀tà àti Aláàbà fi máa ń sáré ra ọjà ṣáájú.

Kípírù, erékùṣù tí Bíbélì ní Bánábà ti wá, ló wù mí jù nínú gbogbo wọn. Ọjọ́ 16 oṣù kẹjọ 1960 ni wọ́n gba òmìnira lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kì í ṣe oṣù kẹwàá rárá. Ṣùgbọ́n àárín oṣù kẹjọ ni ooru máa ń mú jù níbẹ̀, ìgbà yẹn náà ni àwọn ènìyàn ń lọ fún ìsinmi. Ìjọba wọn jókòó ní 1963, wọ́n gbé àjọyọ̀ náà sí ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá nígbà tí ara bá ti tù. Ọjọ́ tí nǹkan ṣẹlẹ̀ yàtọ̀ sí ọjọ́ tí a ń ṣe ìrántí rẹ̀, kò sì sí irọ́ níbẹ̀. Àwa náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí: ọjọ́ 11 oṣù kọkànlá ni a ń rántí àwọn ológun tó kú bíi ti Gẹ̀ẹ́sì, kí a tó gbé e lọ sí ọjọ́ 15 oṣù kìíní nítorí ọjọ́ yẹn ni ogun abẹ́lé parí ní 1970.

Tuvalu gba òmìnira lọ́jọ́ kìíní oṣù kẹwàá 1978, Palau ní 1994. Erékùṣù kéékèèké ni wọ́n nínú òkun Pàsífíìkì. Gúúsù Kòríà fi í ṣe ọjọ́ àwọn ọmọ ogun wọn. Ní Amẹ́ríkà, òfin kan tí wọ́n ṣe ní 1974 ló gbé ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ìnáwó ìjọba àpapọ̀ kúrò ní ọjọ́ kìíní oṣù keje wá sí ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá, bẹ̀rẹ̀ láti 1976. Tí àwọn aṣòfin wọn kò bá tíì fẹnu kò lórí owó nígbà tí ọjọ́ náà bá dé, ilé iṣẹ́ ìjọba á tilẹ̀kùn, bó ṣe rí ní 2013 àti 2025. Àwọn èèyàn wa tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba lọ́hùn-ún mọ̀ ọ́n lára.

Àwọn tó ń ta kòkó náà ní tiwọn. Nínú ìṣirò àjọ kòkó àgbáyé, ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ni ọdún kòkó ń bẹ̀rẹ̀, torí pé ìgbà yẹn ni ìkórè ńlá ń wọlé ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Àgbẹ̀ ní Ìdànrè tàbí Ilé-Olújì kò nílò kàlẹ́ńdà kó tó mọ èyí. Ọdún kọfí náà ń bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, àjọ kọfí àgbáyé sì ti fi í ṣe ọjọ́ kọfí láti 2015.

Àwọn tó ń yí, àwọn tó dúró

Kàlẹ́ńdà ìjọ àti ti òṣùpá tún ń mú ìdàrúdàpọ̀ tirẹ̀ wá. Ìjọ Kátólíìkì ń ṣe àjọ̀dún Tèrésà Mímọ́ ti Lisieux lọ́jọ́ kìíní oṣù kẹwàá, ẹni tí St. Theresa's College ní Òkè-Àdó, Ìbàdàn, ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Ìwé àdúrà àtijọ́ á sọ fún yín pé ọjọ́ kẹta ni. Ìwé náà kò parọ́: ọjọ́ kẹta ni tẹ́lẹ̀, àtúnṣe kàlẹ́ńdà 1969 ló gbé e wá sí ọjọ́ kìíní. Àwọn Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì ilẹ̀ Rọ́ṣíà ní àjọ̀dún ńlá ti Màríà lọ́jọ́ kìíní oṣù kẹwàá tiwọn, ṣùgbọ́n kàlẹ́ńdà Julius ni ìjọ wọn ń tẹ̀ lé, ó sì fi ọjọ́ mẹ́tàlá rìn lẹ́yìn tiwa, nítorí náà ọjọ́ 14 ló ń bọ́ sí lára ògiri wa.

Ní ìlà oòrùn Éṣíà, òṣùpá ni wọ́n ń wò fún àjọ̀dún àárín ìgbà ìwọ́wé, nígbà tí òṣùpá oṣù kẹjọ wọn bá kún. Ọdún ń lọ, ọdún ń bọ̀, ó ń yí láàárín oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá. Ní 2020, ó bọ́ sórí ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá gan-an, Ṣáínà ṣe ọlidé méjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Lọ́jọ́ kan náà ni Nàìjíríà pé ọgọ́ta ọdún. Ọdún Iléyá àti ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀ náà ń yí bẹ́ẹ̀. Nǹkan bí ọjọ́ mọ́kànlá ni wọ́n fi ń tètè dé lọ́dọọdún nínú kàlẹ́ńdà tí a so mọ́ ògiri.

Ọ̀rọ̀ ìṣirò tún kù. Ọdún tí a gba òmìnira kì í ṣe ọdún kan. 1961 ni ọdún àkọ́kọ́ pé, 1970 ni ìkẹwàá, 2010 ni àádọ́ta. Àwa Yorùbá máa ń ka ọjọ́ òní mọ́ ọn tí a bá ń ka ọjọ́ ọjà, ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń fi ọdún kan kún ọjọ́ orí Nàìjíríà láìmọ̀. Ẹ yọ 1960 kúrò nínú ọdún tí ẹ wà, iye rẹ̀ nìyẹn. Ti rìpọ́blíìkì, ẹ yọ 1963.

Ta ló lè ní ká má lọ síbi iṣẹ́?

Kì í ṣe gbogbo ọjọ́ ìrántí ni ọlidé. Òfin ọlidé Nàìjíríà dárúkọ ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá tààràtà, nítorí náà kò dìgbà tí ẹnikẹ́ni bá kéde rẹ̀. Ohun tí mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé ń kéde ni ọjọ́ àfirọ́pò nígbà tó bá bọ́ sí òpin ọ̀sẹ̀. Ní 2022 ó bọ́ sí Sátidé, Mọ́ńdè ọjọ́ kẹta ni wọ́n fi dípò. Ní 2023 ó bọ́ sí Sọ́ńdè, wọ́n fún wa ní Mọ́ńdè ọjọ́ kejì. Gómìnà lè fún àwọn ará ìpínlẹ̀ rẹ̀ nìkan ní ọlidé, bí àwọn kan nílẹ̀ Yorùbá ṣe ń ṣe fún Ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe ní 20 oṣù kẹjọ. Báńkì tó wà ní Kàdúná kò ní tìtorí ìyẹn tilẹ̀kùn. Ti Àjọ Ìṣọ̀kan Orílẹ̀-èdè Àgbáyé kò ní ọlidé nínú rárá. Ó kàn ń pe àwọn ìjọba pé kí wọ́n fiyè sí nǹkan kan lọ́jọ́ náà.

Ọ̀kan nínú àwọn ìpè yẹn ni Ọjọ́ Àwọn Àgbàlagbà. Ọjọ́ 14 oṣù kejìlá ọdún 1990 ni àjọ náà fọwọ́ sí i, wọ́n sì kọ́kọ́ ṣe é lọ́jọ́ kìíní oṣù kẹwàá 1991. Ó dùn mí pé a kì í gbọ́ ohùn rẹ̀ ní Nàìjíríà, nítorí ìlù òmìnira ti bò ó mọ́lẹ̀. Ẹni ọgọ́ta ọdún sókè ni àjọ náà sábà máa ń kà sí àgbàlagbà. Ìyẹn ni pé ọmọ tí wọ́n bí lóru òmìnira, tí wọ́n fi gbogbo ayé rẹ̀ pè ní ọmọ òmìnira, ti di ẹni tí ọjọ́ yẹn wà fún láti 2020. Àwọn tó tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ ní pápá nígbà náà, tí ìjọba fún ní kọ́ọ̀pù àti àsíá kékeré, ti lé ní àádọ́rin ọdún báyìí, púpọ̀ nínú wọn sì ṣì ń tò níbi ìdánimọ̀ owó ìfẹ̀yìntì. Ọjọ́ àjọyọ̀ méjèèjì jẹ́ tiwọn. Kí ìjọba ìpínlẹ̀ tó ń náwó lé ìwọ́de àti iná aláràbarà lóru, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ san owó tó jẹ wọ́n láàárọ̀ ọjọ́ yẹn.